Ohun Tí Ọmọ Máa Fẹ̀yìn Tì

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ túmọ̀ ọ̀rọ̀ kan, nítorí ẹni tó ti kọ́ni títí bíi tèmi kì í lè la ẹnu láìtúmọ̀ nǹkan. Wọ́n ní mo ń fẹ̀yìn tì lónìí. Kí ni ìfẹ̀yìntì? Ìfẹ̀yìntì ni kí èèyàn rí ohun tó le, tó dúró, tó sì súnmọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa, kó gbé ẹ̀yìn lé e, kí ara ó sinmi. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òṣìṣẹ́ ìjọba ń fẹ̀yìn ti owó àjẹmọ́nú, bí wọ́n bá san án. Àgbà ń fẹ̀yìn ti ọmọ, bí ọmọ bá gbé fóònù. Ọmọ tí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ kò lè gbé e dúró, àga ló ń fẹ̀yìn tì. Tí ohun tí a fẹ́ fẹ̀yìn tì bá wá jìnnà sí ẹ̀yìn, ìyẹn kì í ṣe ìfẹ̀yìntì mọ́. Ìṣubú ni, ó kàn ń rọra bọ̀ ni.

Ó wá kan kíkí. Alága wa ọ̀wọ́n, mo kí yín. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì mi orí, sà, nítorí ẹni tó ní àga là ń pè ní alága, àwọn alága inú gbọ̀ngàn yìí sì pọ̀. Wọ́n wà níwájú pátápátá, táyà ló wà lábẹ́ àga tiwọn. Àwọn ni mo kọ́kọ́ kí. Ẹ̀yin alága onítáyà, ẹ kú ìjókòó o. Lẹ́yìn náà ni mo wá kí alága àpèjọ, tí wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sórí àga tiwọn, tí wọ́n sì fi ìrọ̀rí kún un. Ọ̀gá Àgbà ilé ìwòsàn wa, mo kí yín. Ẹ̀yin àgbààgbà tí ẹ wà lórí pèpéle, mo júbà. Ẹ̀yin olóore tí ẹ ti ọ̀nà jíjìn kó kọ̀ǹténà wá, ẹ kú ìnáwó. Ẹ̀yin ayàwòrán, ẹ kú iṣẹ́. Tí kì í bá ṣe ẹ̀yin, báwo la ṣe máa mọ̀ pé wọ́n ṣe wá lóore? Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ìyá àgbà, ẹ̀yin tí a jọ ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin èèyàn mi.

Ẹ wò mí dáadáa. Ẹ̀wù ọlá tí ilé ìwòsàn rán fún mi nìyí. Láti ọjọ́ tí mo ti dé síbí, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mò ń ṣe: mò ń wọn èèyàn. Ẹ tiẹ̀ ti sọ mí ní Màmá Téèpù débi pé àwọn kan nínú yín kò mọ orúkọ mi mìíràn. Síbẹ̀, nígbà tó kan ẹ̀wù tèmi, kò sẹ́ni tó rántí wọ̀n mí. Apá ẹ̀wù ti gbé ọwọ́ mi mì. Ọrùn rẹ̀, ẹni méjì lè jọ yọjú níbẹ̀. Nígbà tí akọ̀wé wa gbé e wá, mo wò ó, mo wo akọ̀wé. Ó ní, "Ẹ má wulẹ̀ wò mí, Mà. Ẹ máa sanra bá a." Mo dúpẹ́. Mi ò mọ̀ pé ó ṣì ku ibi tí mò ń dàgbà lọ.

Ẹ rántí ọ̀rọ̀ akọ̀wé yẹn, nítorí ọ̀rọ̀ kékeré tó wà nínú rẹ̀, "bá a," òun ló gbé mi dìde níbí lónìí. Ẹ bá mi fara balẹ̀.

Nígbà tí mo jáde ilé ìwé àkọ́kọ́, mo ti mọ orúkọ gbogbo egungun. Mo tún wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ kọ́ bí a ṣe ń ṣe àga fún ọmọ tí ara rẹ̀ kò dúró. Ọjọ́ tí mo padà dé, ìyá mi pè mí jókòó.

"Kí lo wá kọ́ lọ́hùn-ún gan-an?"

"Bí ọmọ tí ara rẹ̀ kò gbé e ṣe máa jókòó ni, Mà."

"Ìjókòó?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"O gòkè òkun lọ kọ́ ìjókòó." Ó pàtẹ́wọ́. "Ìgbà wo lo wá ń lọ kọ́ ìdìde?"

Mo ṣàlàyé pé a máa ń wọn ìbàdí, a máa ń wọn itan, a máa ń wọn ẹ̀yìn dé èjìká. Ó ní télọ̀ òpópónà wa ń wọn ìdí láti àárọ̀ dalẹ́, kò sì kúrò nílé rí. Lọ́jọ́ kejì, ó ti sọ fún àwọn aládùúgbò pé dókítà ìdí ni ọmọ òun. Ọlọ́run ló mọ ohun tí wọ́n rò. Àwọn kan kò jẹ́ kí n dì mọ́ wọn mọ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, gbogbo ohun tí mo kọ́ lókè òkun, tí mo fi owó ilé ra, àwọn bàbá wa ti sọ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ kí wọ́n tó bí mi. Wọ́n ní, "Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́." Ó ní, "Òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀." Iṣẹ́ mi nìyẹn látòkè délẹ̀. Tí orí ọmọ bá ń wọ́ sápá ọ̀tún, àwa ọlọ́gbọ́n máa ń wá aṣọ, a ó fi de orí mọ́ àga, a ó sì ní a ti ṣe é. Orí kọ́ ló wọ́. Ìdí ló yẹ̀. Tí àga bá fẹ̀ ju ọmọ lọ, ìdí rẹ̀ á yọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Eegun ẹ̀yìn, tí kò fẹ́ kí orí ó ṣubú, á wá tẹ̀, á tún tẹ̀ padà, kí ojú lè wo iwájú. Tí ìjókòó bá gùn ju itan lọ, ọmọ á yọ̀ wá síwájú, ẹ̀yìn rẹ̀ á ká, àyà rẹ̀ á sún kì, èémí á kúrú, oúnjẹ á máa gba ibi tí kì í ṣe ọ̀nà oúnjẹ. Lókè, ọmọ ń rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà. Nísàlẹ̀, egungun ń kọ́ ìwà tuntun. Ohun tí egungun ọmọdé bá sì kọ́, ẹ ò lè fi ẹ̀bẹ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Mi ò dá iṣẹ́ yìí ṣe. Wẹ́dà wa wà níbí, ó wọ aṣọ tó mọ́ lónìí, ẹ wò ó kí ẹ rí i kó tó bọ́ ọ. Ẹni tó bá ń gba ẹnu ọ̀nà wa kọjá á rò pé à ń jà ni. Mo máa ní, "Fi ìka kan dín in kù." Ó máa ní, "Ìka ta ni, Màmá? Ìka yín tó rí bí igi ìṣáná yìí, àbí tèmi?" Á na tirẹ̀ sókè, ìka tó nípọn bí ọwọ́ òòlù. Ìjà yẹn la ń jà tí a fi wá kọ́ bí a ṣe ń fi ẹfun fa ìlà sára irin dípò kí a máa sọ ìka. Télọ̀ tìmùtìmù náà wà níbí. Kò sí tìmùtìmù kan tó jáde lọ́wọ́ rẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kò kọ́kọ́ jókòó lé, kó di ojú, kó máa yí ìdí bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Ó ní ìdí òun ni òǹtẹ̀ òun. Àbúrò mi obìnrin tí mo kọ́ níṣẹ́ náà wà níbí, tí ọwọ́ rẹ̀ ti já gaara ju tèmi lọ. Ilé ìwòsàn mọ iyì rẹ̀ gan-an ni, torí náà ni wọ́n ṣe ní kó lọ máa pín káàdì fún àwọn aláìsàn láti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ẹ̀yìn díẹ̀. Ọkùnrin tó wà lẹ́bàá fèrèsé yẹn, Oníredíò là ń pè é. Redíò tó bá kú, fóònù tó bá mumi, òun ló ń jí wọn. Ẹ̀rọ tí mo fi ń sọ̀rọ̀ yìí kọ̀ láàárọ̀, òun ló tún un ṣe. Nígbà tó wà lọ́mọdé, tí mi ò tíì dé síbí, ayẹyẹ kan wáyé nínú gbọ̀ngàn yìí kan náà. Ó jọ tòní bí ìgbà tí wọ́n bí wọn pọ̀. Wọ́n so ríbọ́ǹ mọ́ àga, wọ́n sì gbé e fún un. Àga àgbàlagbà ni. Ìyá rẹ̀ ní, "Ẹ ṣé o, àmọ́ ó fẹ̀ jù ú lọ." Wọ́n ní, "Ìyá, ó máa dàgbà bá a."

Ẹ má bú ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀. Ta ni kì í sọ ọ́ nínú wa? Bí a ṣe ń ra bàtà ilé ìwé nìyẹn. A ó ra èyí tó tóbi, a ó ki bébà sí i lẹ́nu, ọmọ á máa wọ́ ọ káàkiri, nígbà tó bá fi máa di ọdún tó ń bọ̀, ẹsẹ̀ á ti kún inú rẹ̀. Ọgbọ́n àìlówó ni, ọgbọ́n gidi sì ni, fún bàtà. Ẹsẹ̀ tó lágbára ló ń kún bàtà. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ara rẹ̀ kò lè gbé ara rẹ̀ kì í dàgbà sókè láti lọ pàdé àga. Ibi tí àga bá fi àyè sílẹ̀ sí ló ń dàgbà lọ. Àyè wà lápá òsì, ó dàgbà sápá òsì. Àyè wà lẹ́yìn, ó ká sẹ́yìn. Ó dàgbà bá a lóòótọ́.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n, ó ti di géńdé. Mo fọwọ́ tọ eegun ẹ̀yìn rẹ̀ wá sílẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Màmá, ẹ sọ ọ́ jáde. Ṣé ó wọ́?"

"Ó wọ́ díẹ̀."

"Díẹ̀ náà ni kò jẹ́ kí n rí ìyàwó mi tó bá jókòó lápá ọ̀tún?"

"Ṣé o fẹ́ máa rí i ni?"

"Tó bá ti se oúnjẹ tán, bẹ́ẹ̀ ni." Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Wọ́n ní kí n dàgbà bá àga. Ẹ má bínú sí wọn, Màmá. Èmi ni mo gbọ́ràn jù."

A ṣe àga tó gba ara rẹ̀ bó ṣe rí. Ìrora rẹ̀ dín kù. Eegun yẹn kò tọ́ mọ́, kò sì ní tọ́ mọ́ láéláé. Ó ń rẹ́rìn-ín lẹ́bàá fèrèsé báyìí. Ẹ bá a rẹ́rìn-ín, kí ó má dá a rín.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ọ̀gá Àgbà ránṣẹ́ pè mí. Èèyàn dáadáa ni wọ́n, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n tiẹ̀ fún mi lómi tútù.

"Màmá, ìròyìn ayọ̀ ni. Kọ̀ǹténà ti dé."

"A dúpẹ́, sà. Kí ló wà nínú rẹ̀?"

"Àga onítáyà. Tuntun gbáà, ó ń dán."

"Ìwọ̀n wo ni, sà?"

Wọ́n yẹ ojú wo ìdí páálí tó wà lórí tábìlì. "Wọ́n ní ìwọ̀n kan ló bá gbogbo èèyàn mu."

Mo ní, "Sà, àga ni àbí agboòrùn?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní mo mà ń pani lẹ́rìn-ín. Wọ́n wá ní kò sí ibi tí wọ́n máa kó àwọn tó bá ṣẹ́ kù sí, òjò sì ti ń ṣú. Wọ́n ní, "A wò ó pé nígbà tí ẹ̀yin náà ti ń lọ, yàrá tí ẹ ti ń wọn àwọn ọmọ yẹn..." Wọn ò parí rẹ̀. Ọmọlúwàbí kì í parí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò dé yàrá yẹn rí, kò sí ohun tí ẹ pàdánù. Tábìlì gbọọrọ kan ni, tí a ń tẹ́ ọmọ sí kí a lè mọ ibi tí ara rẹ̀ ṣì rọ̀ dé. Dígí ńlá kan wà lára ògiri, kí ọmọ lè rí ara rẹ̀ lórí ìjókòó kó sì sọ bó bá wù ú. Àjákù fóòmù wà nílẹ̀, òórùn gọ́ọ̀mù wà níbẹ̀, igi pátákó wà ní kọ̀rọ̀. Yàrá tó ń sọ irin di àga ni, a sì fẹ́ fi ṣe ibi tí a ń kó irin sí. Ta ló ní a ò mọ ètò ṣe?

Ètò kan tún wà tó wù mí. Wọ́n ní ọmọ tó bá gba àga tuntun lónìí gbọ́dọ̀ dá ògbólógbòó padà, kí àwọn tó ń ra irin àlòkù lè kó o lọ ní ìrọ̀lẹ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ojúkòkòrò àwọn ọmọ yìí ti pọ̀ jù. Tí a bá fi àga méjì sílẹ̀ fún wọn, wọ́n lè máa fi ọ̀kan rìn, kí wọ́n máa fi ìkejì gbàlejò.

Ọ̀kan nínú wọn ló jókòó síwájú mi yìí. Alága Kékeré ni mo sọ ọ́, nítorí kò sí ìpàdé tó máa bá wa ṣe tí kì í gba ìpàdé náà lọ́wọ́ wa. Ẹ wo àga rẹ̀. Ẹ má tijú, ẹ wò ó. Kò dáa lójú. Ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ pákó, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ irin ibùsùn àtijọ́, rọ́bà olódòdó tí wọ́n fi ń bo tábìlì ni télọ̀ fi bo tìmùtìmù rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e wá, àárín apá ìyá ìyá rẹ̀ ló ń gbé. Ìdùbúlẹ̀ ló ti ń jẹun, oúnjẹ sì máa ń há a lọ́fun. Òrùlé nìkan ló mọ̀ dáadáa. Lórí àga játijàti yìí, ìdí rẹ̀ dúró, ẹ̀yìn rẹ̀ rí ohun fẹ̀yìn tì, orí rẹ̀ wá sí àárín fúnra rẹ̀, a ò de ohunkóhun. Ọwọ́ ọ̀tún tó fi ń di ara rẹ̀ mú kó má baà ṣubú wá ṣófo. Ọwọ́ yẹn ló fi ń kọ̀wé nílé ìwé báyìí. Òun náà ló máa ń nà sí mi tí mo bá wọ̀n ọ́n pẹ́.

Láàárọ̀ yìí, mo pàdé wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá àgbà ti wé gèlè.

"Màmá Téèpù, ẹ bá wa yọ̀. Ọmọ mi ń gba tuntun."

"Mo bá yín yọ̀, Ìyá àgbà. Èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ yìí ńkọ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sinmi ẹ̀sín. Ládùúgbò wa, wọ́n ń bi mí bóyá káfíńtà ló bí i."

Alága Kékeré dá sí i. "Màmá Àgbà, mo ti wo tuntun yẹn. Ẹni mẹ́ta ló lè jókòó síbẹ̀. Ta lẹ fẹ́ fi kún mi?"

"Dákẹ́ ẹnu ẹ. O máa dàgbà bá a."

Ọmọ náà wo ojú mi, mo wo ojú rẹ̀. Mo ní gèlè wọn dáa.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń jẹ mí lọ́kàn láti àárọ̀, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ lè mú yàrá yẹn, yàrá ni. Ẹ̀wù tó tóbi, màá ká a létí. Ṣùgbọ́n tí àga olódòdó yìí bá bá àwọn onírin lọ ní ìrọ̀lẹ́ òní, ẹni tó ń bá mi jiyàn yìí máa bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lọ sílẹ̀ lọ́la. Kò ní jọ nǹkan kan lọ́la. Kò ní jọ nǹkan kan lóṣù tó ń bọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún á kàn padà sí ìdí iṣẹ́ àtijọ́, á máa di ara mú. Lọ́jọ́ tí gbogbo wa bá fi rí i, ó máa ti dàgbà bá a.

Àṣà ni pé kí ẹni tó ń lọ tọrọ àforíjì. Mo ní ẹ̀bi púpọ̀. Mo máa ń béèrè ọmọ kí n tó béèrè àga. Ìwà àìmoore ni. Olóore kan fi àga ránṣẹ́ sí wa rí, mo kọ̀wé bi í pé ìdí ta ló wọ̀n. Kò dá mi lóhùn di òní, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Mo tún máa ń pe ọmọ padà lẹ́yìn tí mo bá ti fún un ní àga, mo tún máa ń pè é lẹ́ẹ̀kan sí i, bí ẹni tí kò fọkàn tán iṣẹ́ ara rẹ̀. Ohun tó fà á kò ju pé ọmọ ń dàgbà, àga kì í dàgbà. Ẹ foríjì mí. Ẹni tó bá rọ́pò mi, tí ẹ bá fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rọ́pò mi, kò ní ya olórí kunkun tó bẹ́ẹ̀.

Mo fẹ́ bá ẹ̀yin olóore sọ̀rọ̀ láìfi ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì ṣòro fún mi, ẹ rí i. Táyà yín dára. Irin yín fúyẹ́, kò ní tètè dípẹtà. Ní ilẹ̀ bíi tiwa tí owó kò tó, a ò rí irú rẹ̀ ṣe, a sì nílò gbogbo rẹ̀ pátá. Ẹ ò kó àga wá ni. Ohun tí a fi ń ṣe àga lẹ kó wá, ó sì tóbi lọ́pẹ́. Wẹ́dà lè dín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kù, kó gé ìjókòó rẹ̀, kó gbé ibi ìgbẹ́sẹ̀lé rẹ̀ sókè. Télọ̀ lè ṣe tìmùtìmù sí i. Àbúrò mi lè wọn ọmọ, kó má lọ pín káàdì. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àga tí ẹ rù kọjá òkun á di ti ọmọ kan pàtó, tó ní ìdí tirẹ̀. Ìgbà yẹn ni kí ayàwòrán wá.

Ọ̀gá Àgbà, mo rí i pé ẹ ń wo aago. Sà, wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo ka àwọn àgbà tó wà lórí pèpéle, ọjà kún. Ẹ̀yin lẹ máa sọ bóyá yàrá yẹn á ṣí ní ọjọ́ Ajé. Mi ò ní gbà á lẹ́nu yín níwájú àlejò. Ṣùgbọ́n ti àga inú gbọ̀ngàn yìí, kì í ṣe ẹ̀yin tàbí èmi ló ni ín. Àwọn òbí ló ni ín, àwọn ni mo sì fẹ́ fi ọ̀rọ̀ mi kásẹ̀ nílẹ̀ fún.

Kí n gbàdúrà ná, kí n má baà gbàgbé. Ohun tí a fẹ̀yìn tì, kó má yẹ̀ lẹ́yìn wa. Ọwọ́ tó ń fúnni, kó má ṣe ráhùn, kó sì máa béèrè kó tó fúnni. Iná wẹ́dà kò ní ba ojú rẹ̀ jẹ́. Ìdí télọ̀ kò ní parọ́ fún un. Àwọn ọmọ yìí á dàgbà, wọ́n á dàgbà sókè, wọ́n á dàgbà débi tí wọ́n á fi máa dá wa lóhùn bó ṣe wù wọ́n. Àmín.

Ó wà nínú ètò pé tí mo bá ti sọ̀kalẹ̀, ẹ máa gbé ọmọ yín bọ́ sórí àga tuntun, a ó ya fọ́tò, wọ́n á sì kó ti àtijọ́ lọ. Ìyá àgbà, mo ti rí ọwọ́ yín lábẹ́ abíyá ọmọ yẹn. Ẹ dúró díẹ̀ fún mi. Ẹ gbé e sórí tuntun, kò burú, ẹ fi wò ó. Ṣùgbọ́n ẹ di ti àtijọ́ mú lọ́wọ́ kan. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ́ ọ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ẹ ti ìdí ọmọ sẹ́yìn pátápátá kó kan ẹ̀yìn àga. Ẹ wá na àtẹ́lẹwọ́ yín gbọọrọ, ẹ tì í bọ àárín itan rẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ àga. Àtẹ́lẹwọ́ tó nà ló yẹ kó há síbẹ̀. Tí ìkúùkù yín bá wọlé, ó fẹ̀ jù. Ẹ fi ìka méjì sí ẹ̀yìn orúnkún rẹ̀, níbi tí ìjókòó parí sí. Tí wọn ò bá wọlé, ó gùn jù, ọmọ á yọ̀ wá síwájú. Ẹ wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ lórí ibi ìgbẹ́sẹ̀lé. Tó bá ń fì, kì í ṣe tirẹ̀.

Èyí tó bá kùnà níbi kan ṣoṣo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ gbé ọmọ padà sórí ti àtijọ́, ẹ máa ti tuntun lọ́wọ́, kí ẹ sì kó méjèèjì lọ sí yàrá ìwọ̀n báyìí báyìí, kó tó di pé wọ́n tì í. Tí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ dá ọ̀kan padà, ẹ ní Màmá Téèpù ló ní kí ẹ mú un dání. Mo ti fẹ̀yìn tì, wọn ò lè lé mi mọ́.

Ẹ ṣé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìyá àgbà, ó yá, ẹ na ọwọ́ ọ̀tún, ẹ tì í bọ ẹ̀gbẹ́ itan ọmọ, kí ẹ sọ fún gbogbo wa bóyá ìkúùkù wọlé.